"Won ti fowo si i": ohun tí ojú mi rí lórí owó ìwádìí

Lóṣù kọkànlá ọdún 2023, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti ọ́fíìsì bọ́sà: "Dokita, won ti fowo si i o." Mo fò sókè. Mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjèèjì, mo ní owó ti dé. Ìyá ọmọ mi ti ń ṣírò ohun tí a máa rà kí n tó rán an létí pé owó iṣẹ́ ni, kì í ṣe tiwa. Nígbà tó di ọ̀sán ni mo tó gbọ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi sí ìwé náà. Owó ò tíì sí níbẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́ta gbáko.

Mi ò bínú sẹ́ni tó kọ ọ́. Gbogbo wa là ń kọ Yorùbá ní ìhòòhò lórí fóònù. Ohun tó dùn mí ni pé nǹkan tí à ń tọrọ owó fún gan-an nìyẹn: sọ́fítíwéà tí yóò máa dá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ láìsí àmì.

Àwa mẹ́ta ni, láti yunifásítì mẹ́ta. Èmi wà nídìí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹnì kejì jẹ́ ìyá onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ lórí ohùn, ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣirò tó máa ń kọ kóòdù bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Àjọ ìjọba la kọ̀wé sí. Ìwé ṣókí lẹ kọ́kọ́ máa kọ, bí wọ́n bá gbà á, ẹ ó kọ èyí tó kún, lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ yóò pè yín kí ẹ wá fẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹni tó ti kọ tíísìsì rí kò nílò kí n máa kọ́ ọ níyẹn. Ta ni yóò ni kóòdù náà? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi parí ìyẹn: a ó gbé e sórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, lábẹ́ MIT License tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ó tán.

Lẹ́tà ló fẹ́ pa wá.

Àjọ náà ní kí ọ̀gá àgbà yunifásítì kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà pé òun mọ̀ sí iṣẹ́ náà, kí àkọlé inú lẹ́tà sì bá èyí tó wà lórí ìkànnì wọn mu láìyẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023 ni wọ́n máa ti ìkànnì pa. Tèmi wọlé ní kíá, ti oníṣirò náà wọlé. Ti ìyá onímọ̀ ẹ̀dá-èdè dé ní ọjọ́ 20 oṣù kejì. Mo ṣí i, mo wò ó, mo gbé fóònù súnmọ́ ojú. Àkọlé iṣẹ́ wa ni "Dídá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá". Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni "Dídá àmì ohùn padà sórí □r□ Yorùbá". Ọ̀rọ̀ gan-an ni kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́.

Mo mọ ohun tó fà á, ìyẹn ló tún jẹ́ kó dùn mí. Fọ́ǹtì àtijọ́ mọ à àti é nítorí àwọn Faransé ń lò wọ́n. Kò mọ "ọ". Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, "ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n "ọ̀" tó ní àmì lórí kò ní nọ́ńbà kankan tirẹ̀. Ńṣe lẹ máa kọ "ọ", kí ẹ wá gbé U+0300, ìyẹn àmì ohùn ìsàlẹ̀, lé e lórí. Kọ̀ǹpútà tí kò bá mọ méjèèjì so pọ̀ á já àpótí òfìfo sílẹ̀ fún yín. Ojú ewé mẹ́rin nínú ìwé ìbéèrè wa ló dá lórí ìṣòro yìí.

Mo pe akọ̀wé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà tí lẹ́tà náà ti wá.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, àkọlé inú lẹ́tà yẹn ti dàrú díẹ̀."

"Dókítà, mo rí àwọn àpótí yẹn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ ni."

Lọ́jọ́ kejì, ó fi òmíràn ránṣẹ́, ọ̀gá sì ti buwọ́ lù ú: "Dida ami ohun pada sori oro Yoruba." Kò sí àpótí mọ́ lóòótọ́. Àmì ló tún kó lọ. Sórí oró ni? Sórí orò? Sórí ọrọ̀? Mo pe àwọn tó ń bójú tó ìkànnì àjọ náà. Wọ́n ní kó bá èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní kà á.

Kí n tó tún pe akọ̀wé, ilẹ̀ ọjọ́ 22 ti mọ́, gbogbo yunifásítì sì ti tì. Ìdìbò ni. Àṣẹ NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, ni pé kí wọ́n wà ní títì láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta. Ọ̀gá àgbà ti lọ dìbò nílùú rẹ̀, akọ̀wé ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, àwa ń ka ọjọ́.

Wọ́n ṣí i padà ní Wednesday, ọjọ́ 15. Mi ò dúró de ìmeèlì. Mo fúnra mi tẹ lẹ́tà náà, mo sọ ọ́ di PDF tó gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání, mo wá owó ọkọ̀. Ẹ rántí ìgbà náà, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó naira tí owó di góòlù. Oní-POS gba ẹgbẹ̀rún méjì lọ́wọ́ mi kó tó fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó tún ní kí n má pariwo.

Láti aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́rin ni mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà. Mo ń rí fáìlì mi láti ibi tí mo jókòó sí, fáìlì aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi okùn dì, lórí tábìlì, lábẹ́ ife tíì kan. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé e wọlé ti lọ sí ìpàdé. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ gbé e. Lọ́jọ́ Thursday, ẹni náà gbé e wọlé, ọ̀gá buwọ́ lù ú, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó tilẹ̀ ka àkọlé náà sókè pẹ̀lú ohùn tó péye, ó ní, "Ta ló tẹ èyí? Ó mọ́." Inú mi dùn, inú sì tún bí mi. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Friday ni mo gbé e sórí ìkànnì.

Níwájú ìgbìmọ̀ lóṣù kẹjọ, mo kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sára ògiri: "Won ti fowo si i." Mo ní kí wọ́n sọ fún mi bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí i ni tàbí wọ́n ti fowó sí i. Bàbá àgbà kan láàárín wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé a ti yege. Àpẹẹrẹ tí mo fi mú ìgbìmọ̀ yẹn ló padà wá mú èmi náà lóṣù kọkànlá.

Owó dé ní oṣù kejì ọdún 2024. A ti kọ ọ́ síwèé pé a máa háyà sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí sọ́fítíwéà wa yóò máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ní dọ́là 150 lóṣù, fún oṣù 24. Nígbà tí à ń ṣírò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nǹkan bí naira 460 ni dọ́là kan, a sì béèrè naira 1,656,000. Lóṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba tú owó naira sílẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí owó wa fi wọlé, dọ́là kan ti kọjá 1,500. Oṣù 24 di oṣù méje. Àjọ náà ò ṣẹ̀ wá, iye tí a béèrè ni wọ́n san, kọ́bọ̀ kan ò dín.

Ká ní mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, lẹ́tà ni mo máa kọ́kọ́ gbà kí n tó kọ ìlà kan nínú ìwé ìbéèrè, èmi ni màá sì tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní háyà sáfà. Màá ra kọ̀ǹpútà ńlá kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kó tó di ọjọ́ kejì. Màá sì kọ owó ẹni tí yóò máa tún sọ́fítíwéà ṣe síbẹ̀, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti jápa. Ó ṣì máa ń dáhùn lórí WhatsApp, ní aago méjì òru wa.

Lábẹ́ tábìlì mi ni sọ́fítíwéà náà wà báyìí, lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi owó ara mi kún. Ín-fátà ló ń gbé e. Mo tẹ "won ti fowo si i" sí i láàárọ̀ yìí, ó gbé méjèèjì jáde kí n yan. "Fọwọ́" ló kọ́kọ́ wá.