Ọ̀gá ní kò sí lìífù níbí: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìsinmi òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá ni mo wà, ó ti lé lọ́dún kan. Mo béèrè lìífù, ọ̀gá ní àwọn kì í fún èèyàn ní lìífù níbí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Kò sí ọ̀gá tó láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀. Abala 18 nínú òfin tí gbogbo wa mọ̀ sí Labour Act sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 láìdáwọ́ dúró gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, kí owó rẹ̀ sì pé. Fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16, ọjọ́ 12 ni. Ọjọ́ 6 kò tó nǹkan, lójú tèmi. Àmọ́ ibẹ̀ ni òfin fi ìdí rẹ̀ tì sí. Ilé iṣẹ́ lè fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò lè fún yín ní ohun tó kéré sí i.

Kí ẹ tó padà lọ bá a, ẹ wá ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́. Abala 7 pàṣẹ pé kí oṣù 3 tó pé lẹ́yìn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ iye owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìsinmi àti ti àìsàn. Tí wọn ò bá fún yín ní ìwé kankan, àwọn ló rú òfin, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ wá kọ lẹ́tà láti fi béèrè lìífù yín, ẹ kọ déètì sí i, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó fi lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí ẹ bá fẹnu sọ nìkan, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́.

Ìbéèrè: Màdáámù ní kí n gba owó dípò lìífù, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ká sòótọ́, owó náà wù mí.

Ìdáhùn: Ta ni owó kì í wù lásìkò yìí? Ṣùgbọ́n òfin kò gbà á. Agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ san owó dípò ìsinmi fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí òfin fàyè gbà ni kí ẹ jọ fẹnu kò láti sún un síwájú, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ ó ti ṣiṣẹ́ ju oṣù 24 lọ kí ẹ tó rí i gbà. Nítorí náà, tó bá ní "ó di ọdún tó ń bọ̀", ẹ ní kó kọ oṣù àti ọjọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Oṣù mẹ́jọ ni mo lò kí wọ́n tó dá mi dúró. Ṣé lìífù mi ti wọmi nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó tì o. Ẹni tó bá ti lo oṣù 6 kó tó kúrò ní owó ìsinmi tirẹ̀ láti gbà. Owó ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀: tí ọ̀sẹ̀ kan yín bá jẹ́ 18,000 náírà, ẹ pín in sọ́nà 12, kí ẹ sì mú ìpín 8 nínú rẹ̀. 12,000 náírà nìyẹn. Owó ófátáìmù àti àlàwáǹsì kò sí nínú ìṣirò yìí.

Ìbéèrè: Ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n wá yọ ọ́ kúrò nínú lìífù mi.

Ìdáhùn: Ọ̀tọ̀ ni ti àìsàn, ọ̀tọ̀ ni ti lìífù. Abala 16 fún òṣìṣẹ́ ní owó rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 lọ́dún tí ara rẹ̀ kò bá yá. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni ìwé ẹ̀rí: dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ìwé tí kẹ́míìsì àdúgbò kọ, bó ti wù kí òògùn rẹ̀ jẹ́ tó, kò lè gbà yín níbẹ̀.

Ìbéèrè: Tí mo bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọlidé, ṣé òfin ní kí wọ́n san ìlọ́po méjì?

Ìdáhùn: Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, mi ò sì rí i nínú Labour Act. Ìwé àdéhùn yín, tàbí ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín bá ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí, ni ẹ ó wò. Ní ti àwọn ọjọ́ náà fúnra wọn, 1 oṣù Karùn-ún, 1 oṣù Kẹwàá, Kérésì àti ọjọ́ kejì rẹ̀ kì í yẹ̀; ti Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹ dúró de ìkéde ìjọba. Láti 2019, 12 oṣù Kẹfà ni Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa, kì í ṣe 29 oṣù Karùn-ún mọ́. Gómìnà náà lè kéde ọlidé fún ìpínlẹ̀ rẹ̀ nìkan, bí wọ́n ti ṣe fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní Ọ̀ṣun, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Èkó. Ìpínlẹ̀ tí ibi iṣẹ́ yín wà ni ẹ ó wò, kì í ṣe ibi tí ẹ ń sùn.

Ìbéèrè: Mánéjà ni mí. Ṣé èyí kàn mí? Ibo ni mo lè gbé ẹjọ́ mi lọ?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ agbára àti iṣẹ́ akọ̀wé ni Labour Act ń tọ́jú, kò kan mánéjà; ìwé àdéhùn tiyín ló máa gbèjà yín. Ẹni tí òfin náà bá kàn lè kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Tí kò bá yanjú níbẹ̀, National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, ó sì ń gbọ́ ẹjọ́ mánéjà náà. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà yín dání, kí ojúlówó rẹ̀ wà nílé.