Bí mo ṣe ṣírò iye tí màá ta báàgì awọ tí mo fọwọ́ rán

Báàgì àgbékọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ṣe ìṣirò yìí, èyí tí mo fọwọ́ rán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ẹyọ" ni màá máa pe owó, kí oníkálukú fi owó tó ń ná dípò rẹ̀.

Awọ ni mo kọ́kọ́ kà. Odindi awọ kan jẹ́ ẹyọ 480. Bí a bá fi ojú wò ó, báàgì 6 ló yẹ kó jáde nínú rẹ̀, ìyẹn 80 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n awọ kì í rí bákan náà jálẹ̀ bí aṣọ: ó ní àpá, ó ní ojú ibi tí eégbọn ti jẹ ẹran, ti ibi ikùn sì máa ń nà bí ẹrù bá ti wọ báàgì. Nígbà tí mo yẹra fún gbogbo ìyẹn, báàgì 4 péré ló jáde. 120 ni awọ báàgì kan, kì í ṣe 80. Òwú náà máa ń tan èèyàn: ojú ìrán mi gùn tó mítà 2, àmọ́ abẹ́rẹ́ méjì ni mo fi ń rán an, òwú sì ń gba inú awọ lọ, ó ń bọ̀, nítorí náà mítà 8 ló gbà. Síìpù, òrùka irin, òwú, gọ́ọ̀mù àti aró jẹ́ 30. Ohun èlò di 150.

Wákàtí ni owó ti ń jò jù. Mo gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́: gígé, ìṣẹ́jú 45, lílu ihò, 30, rírán, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45, dídán etí awọ, wákàtí kan gbáko (èyí tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í kà rárá). Wákàtí 5 nìyẹn.

Èló wá ni wákàtí kan? 1,200 ni mo fẹ́ máa gbà lọ́sẹ̀, wákàtí 40 ni mo sì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá pín in báyìí á rí 30, á sì pàdánù, torí pé 24 péré nínú 40 yẹn ni mo fi ń jókòó ti awọ. Fọ́tò, oníbàárà, ríra ohun èlò àti dídi ọjà ló ń jẹ ìyókù. Tí a bá pín 1,200 sí 24, ó jẹ́ 50. Owó iṣẹ́ di 250. Ẹ má tún ka wákàtí fọ́tò mọ́ ọn o. Ó ti wà nínú 50 yẹn. Bí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti rẹ́ oníbàárà jẹ.

Owó ilé iṣẹ́, iná, bíléèdì àti àtúnṣe irinṣẹ́ jẹ́ 480 lóṣù. Mo pín in sí wákàtí 96 tí mo fi ń jókòó ti iṣẹ́ lóṣù: 5 fún wákàtí kan, 25 fún báàgì yìí. Bí ẹ bá fi iye ọjà pín in, pọ́ọ̀sì kékeré á máa ru ẹrù tí báàgì ń rù.

Àpapọ̀ jẹ́ 425. Mo fi èrè ìdá 20 nínú 100 lé e, ó di 510. Èrè yìí kì í ṣe owó iṣẹ́ mi. Òun ni màá fi ra awọ mìíràn, òun náà ló ń gbé e bí mo bá gé èyí kan bàjẹ́.

Ìkànnì tí mo fẹ́ tà á lórí rẹ̀ ń gba ìdá 10 nínú 100. Ẹni tó bá kàn fi ìdá 10 lé 510 á tà á ní 561, wọ́n á yọ 56.10, yóò ku 504.90. Ó ti dín. Ìdá 90 nínú 100 ló máa kù sí mi lọ́wọ́, nítorí náà 0.9 ni mo fi pín 510, ó di nǹkan bí 567.

Bí iye náà bá ga lójú àwọn tó fẹ́ rà á, mi ò kì í gé owó wákàtí. Iṣẹ́ ni mo máa ń tún tò. Nígbà tí mo gé báàgì 4 pa pọ̀ tí mo sì lu ihò wọn léra wọn, ìṣẹ́jú 30 dín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 510 sì wálẹ̀ sí 477.

Fún iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ sí, ìdajì owó ń wọlé kí bíléèdì tó kan awọ. Awọ tó ti ní orúkọ ẹnìkan lára kò ṣeé tà fún ẹlòmíràn.