Íǹkì tó ba káádì ìgbéyàwó jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́

Inú ṣì ń bí mi sí ẹni tó ta íǹkì dúdú yẹn fún mi ní Tákìé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí. Mo ṣàlàyé fún un pé láínò, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tí à ń gbẹ́ àwòrán sí lára, ni mo máa fi tẹ̀ ẹ́, pé ọwọ́ ni mo ń lò nílé, pé káádì tó ń dán ni mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí. Ó ní kò séwu, pé kílẹ̀ tó mọ́, á ti gbẹ.

Íǹkì olómi ló lé mi débẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, kí n tó yí rólà dé igun kejì gíláàsì tí mo ń tẹ́ íǹkì sí, ó ti ń le, àwòrán á sì jáde ní tótòtó.

Ẹni tó bá ti gbẹ́ láínò rí mọ bó ṣe ń lọ: ẹ sá a sóòrùn díẹ̀ kó rọ̀, kí ẹ gbẹ́ ẹ. Mo yí íǹkì sí i, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí onígi ra ìwé. Ó dára! Ìyẹ́ àkùkọ tí mo gbẹ́ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilẹ̀ mọ́, kò gbẹ. Ọ̀sẹ̀ yí po, ó ṣì ń ràn mọ́ ìka. Mo sá a sóòrùn, mo tan fáànù sí i, òtúbáńtẹ́. Káádì ìgbéyàwó oníbàárà ni o! Mo dá owó rẹ̀ padà.

Àbúrò mi tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé n'Íbàdàn ló tú u fún mi lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n, rọ́bà-béèsì ni wọ́n tà fún yín. Wọ́n ṣe é kó má baà tètè gbẹ sórí ẹ̀rọ ni. Ìwé ló gbọ́dọ̀ fà á mu, èyí tó ń dán ò sì lè fà á.”

Mo wá ra íǹkì olóròóró, èyí tó ní epo linseed. Afẹ́fẹ́ ló ń mú ìyẹn le. Epo yìí kan náà ni Frederick Walton fi ṣe láínò ní England láyé 1860 sí 1869. Mo tẹ íǹkì méjèèjì sórí ègé oríṣiríṣi ìwé, mo kọ ọjọ́ sẹ́yìn wọn. Rọ́bà-béèsì gbẹ dáadáa lórí ìwé tí kò dán. Olóròóró gbẹ lórí méjèèjì, bó tilẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lórí èyí tó ń dán. Òróró ìdáná ni mo fi nu gíláàsì kí n tó fọṣẹ sí i.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé afẹ́fẹ́ ló ń mú un gbẹ ni, àbí ìwé. Bí kò bá rí i sọ, ẹ má ra agolo ńlá.