Bí ẹ ṣe lè jíròrò ìwé The Giver pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì n'Iléṣà láì sọ ọ́ di wàásù

Ohun tó máa ń ba irú ìjíròrò yìí jẹ́ ni pé wọn ò tíì ka ìwé jìnnà tẹ́nìkan á ti ní "ìjọba aṣòdì-sí-Kristi nìyẹn," gbogbo yín á ṣe àmín, ó parí nìyẹn. Ìwé ìtàn àròsọ tí Lois Lowry kọ lọ́dún 1993 yìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìlú inú ẹ̀ kì í ṣe ìlú ìkà o, ibẹ̀ tòrò. Kò sí ebi, kò sí ogun. Àwọn àgbà ìlú ló ń yan iṣẹ́ fún ọmọ tó bá ti pé ọdún 12, àwọn náà ló ń yan ìyàwó fún ọkọ, ẹni tó bá sì ti ń bàlágà á máa gbé oògùn mì láràárọ̀ kí ọkàn ẹ̀ má baà fà sí ẹnikẹ́ni. Kódà wọn ò rí àwọ̀ mọ́. Bàbá àgbà kan ṣoṣo ló ń bá gbogbo ìlú rántí ayọ̀ àti ìrora ayé àtijọ́, Jonas, ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan, ni wọ́n wá yàn pé kó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé yẹn fúnra wọn, kò gùn. Ẹ má gbà kí wọ́n fi fíìmù 2014 rọ́pò ẹ̀, nínú fíìmù yẹn Jonas ti dàgbà ju ọmọ ọdún 12 lọ, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀ jù fún mi.

Tẹ́ ẹ bá jókòó, ìbéèrè àkọ́kọ́ kó má jẹ́ látinú Bíbélì. Ẹ bi wọ́n pé kí ló wù wọ́n nínú ìlú yẹn. Ẹni tó ti ń wáṣẹ́ látìgbà tó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán máa ní ì bá dáa kí wọ́n yan iṣẹ́ fóun, ẹni tí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ já sílẹ̀ máa ní oògùn yẹn lòun fẹ́, ẹ má bá wọn wí jàre, ẹni tí kò bá tíì rí adùn ibẹ̀ ò lè mọ ohun tó burú níbẹ̀.

Ìgbà yẹn lẹ wá lè bèèrè èyí tó kàn wá gan-an: àbí irú ìlú bẹ́ẹ̀ làwa náà ń bẹ Ọlọ́run fún? Ìlú tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1930 là ń gbé, ìran àti àsọtẹ́lẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé àwọn kan ò lè mú ìyàwó àfi tí wòlíì bá rí i, kọ́ọ̀sì tí wọ́n máa kà, wòlíì ni, ilẹ̀ tí wọ́n máa rà, wòlíì ni, tó bá wá dàrú wọ́n á ní ṣebí wòlíì ló sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ bú wòlíì o, mi ò fẹ́ wàhálà. Ẹ ṣáà bi wọ́n pé níbo ni ìtọ́sọ́nà parí sí. Ẹ ka Diutarónómì 30:19, Ọlọ́run gbé ìyè àti ikú síwájú wọn, ó ní kí wọ́n yan ìyè, síbẹ̀ àwọn ló máa yàn án. Ẹ tún ka Lúùkù 15, bàbá ọmọ onínàákúnàá ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó pín ogún fún un, ó jẹ́ kó lọ.

Ẹnìkan máa mú ọ̀rọ̀ àkúnlẹ̀yàn wá. Ẹ má pè é ní kèfèrí, torí nínú àkúnlẹ̀yàn pàápàá, èèyàn fúnra ẹ̀ ló kúnlẹ̀ yàn. Ẹlòmíì á mú Róòmù 9 wá, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní ẹni tó bá wu Ọlọ́run ló ń ṣàánú fún, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, látayé Augustine àti Pelagius, àwọn olùkọ́ ìjọ àtijọ́ méjì tí èrò wọn ò bára mu lórí bóyá èèyàn lè yan rere fúnra ẹ̀, làwọn Onígbàgbọ́ ti ń bá ọ̀rọ̀ yẹn fà á.

Ti ọkàn àti ẹkún ló kù. Jonas bi àwọn òbí ẹ̀ bóyá wọ́n nífẹ̀ẹ́ òun, wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn ò nítumọ̀ mọ́. Bàbá Jonas kan náà yẹn ló gún ọmọ ìbejì tó kéré jù lábẹ́rẹ́ ikú, tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, tó sì dágbére fún un. Kò bínú sọ́mọ o, kò kàn mọ nǹkan kan lára ni. Ẹ kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó kà á sókè, ẹni tó ti sin ọmọ lè wà láàárín yín. Lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ ṣí Ìsíkíẹ́lì 36:26, níbi tí Ọlọ́run ti ní òun máa mú ọkàn òkúta kúrò, òun á fún wọn ní ọkàn ẹran. Kẹ́ ẹ wá bi wọ́n ìdí tá a fi ń sọ fún opó pé kó má sunkún, Onígbàgbọ́ ni, nígbà tí Jésù fúnra ẹ̀ sunkún níbi ibojì Lásárù, tó sì mọ̀ pé òun máa tó jí i dìde.

Ìparí ìwé máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀, bóyá inú yìnyín ni Jonas àti ọmọ ọwọ́ tó gbé sá kú sí àbí wọ́n dé ilé kan lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á dáadáa. Ẹni tó bá ti wo Google máa fẹ́ sọ pé Lowry kọ ìwé míì tẹ̀lé e, pé òun ti mọ bó ṣe parí, ẹ ní kó ṣì panu mọ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.