Bí a ṣe ń dán lẹ́ǹsì ayé fíìmù wò lórí kámẹ́rà dígítà

Tí ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ fótò bá fún yín ní lẹ́ǹsì ayé fíìmù, ẹ má tíì tà á ní ọ̀pọ̀. Lẹ́ǹsì ò yí padà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí ló yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi lẹ́ǹsì Nikon 50mm f/1.8 àtijọ́ àti kámẹ́rà Canon EOS onísẹ́ńsọ̀ APS-C ṣe àpẹẹrẹ. Sẹ́ńsọ̀ ló rọ́pò fíìmù nínú kámẹ́rà dígítà; APS-C ni irú rẹ̀ tó kéré sí fíìmù. Nọ́ńbà f ló ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó: bó bá ṣe kéré sí i ló ṣe ń ṣí sí i.

Ẹ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Tí ẹ bá rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn nínú gíláàsì rẹ̀, ó ti bu nìyẹn. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún lẹ́ǹsì ṣe.

Ẹ wá ra àdápútà, òrùka tó ń so lẹ́ǹsì Nikon mọ́ kámẹ́rà Canon. Láti ẹnu ibi tí lẹ́ǹsì ti so mọ́ kámẹ́rà dé ojú fíìmù, mìlímítà 46.5 ni ti Nikon, 44 ni ti Canon EF, ìyẹn irú ẹnu tí Canon EOS yìí ní. Àlàfo 2.5 yẹn ni àdápútà ń dí. Ẹ yí kámẹ́rà sí M, níbi tí ẹ ó ti máa ṣètò ìmọ́lẹ̀ fúnra yín, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí òrùka ara lẹ́ǹsì títí àwòrán á fi mọ́.

Ẹ ó rí i pé ohun gbogbo sún mọ́ yín jù. Fíìmù fẹ̀ ní mìlímítà 36, sẹ́ńsọ̀ yìí ò ju bíi 22 lọ, ni lẹ́ǹsì 50mm bá ń ṣe bí 80mm. Tó bá jẹ́ yàrá ìkómọ tó há ni, ẹ̀yìn yín á ti kan ògiri kí gbogbo ẹbí tó wọ inú àwòrán. Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé etí àwòrán, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú lẹ́ǹsì àtijọ́, ti gé kúrò.

Ìdánwò gan-an rèé: ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ya ẹ̀ka igi tí ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, ní f/1.8, f/2.8, f/5.6 àti f/8. Ẹ fẹ àwòrán náà lójú kọ̀ǹpútà. Ní f/1.8, àwọ̀ elése-àlùkò lè yí ẹ̀gbẹ́ ewé ká. Ó wà níbẹ̀ láyé fíìmù náà, ṣùgbọ́n ta ló ń fẹ fótò ìgbéyàwó tó bẹ́ẹ̀? Tó bá fi máa di f/5.6, púpọ̀ rẹ̀ á ti lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya aṣọ dúdú tó wà níwájú fèrèsé, ní f/16. Gíláàsì tó bo sẹ́ńsọ̀ ń dán ju fíìmù lọ: ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí ìdí lẹ́ǹsì, kó tún bọ̀. Tí ẹ bá rí àbàwọ́n roboto láàárín aṣọ náà, ẹ ṣí lẹ́ǹsì sí f/5.6, kí ẹ sì yà kúrò níwájú fèrèsé.