Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tó fúyẹ́ àti omi ojú títì: bí ẹ ṣe máa tọ́jú táyà yín

Ìṣọ̀kùn nílùú Iléṣà ni mo ti ń ṣe fọ́gánáísà, mo sì ń ta táyà díẹ̀ mọ́ ọn. Camry, Corolla, bọ́ọ̀sì elérò, tírélà, àwọn ló ń dúró níwájú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin kan gbé Mazda MX-5 dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pa iṣẹ́ tì. Ìjókòó méjì péré, òrùlé rẹ̀ ń ká sẹ́yìn bí ẹní.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi géèjì ẹ̀, 40 ni kẹ́ ẹ fi sí i."

"Ta ló ní 40, ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi l'Ékòó, sà."

Mo ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, mo nàka sí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. 26 psi ló wà níbẹ̀; psi ni a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà.

Ọkọ̀ tó bá fúyẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni wọ́n ń ní kéèyàn fi sí táyà rẹ̀. MX-5 ọmọ yìí, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2005, kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,000 kg lọ. Lotus Elise tó jáde ní 1996 kò tó 800 kg. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ni táyà fi ń ti omi kúrò lábẹ́ ara rẹ̀. Bí eré bá ti ju agbára rẹ̀ lọ, omi á wọ abẹ́ táyà, á gbé e sókè, ọkọ̀ á léfòó. Sítíárìn ò ní gbọ́ mọ́, bíréèkì ò ní gbọ́.

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà n'Ífẹ̀ ló fi ìṣirò rẹ̀ hàn mí, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára táyà tírélà. Àwọn onímọ̀ NASA l'Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1963, táyà bàálù ni wọ́n fi wádìí rẹ̀. Ẹ wo iye afẹ́fẹ́ táyà yín. Ká ní 25 ni: 5 lọ́nà 5 ló ń jẹ́ 25, nítorí náà ẹ mú 5, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 16.7. Ó lé díẹ̀ ní 83. Kìlómítà tí ọkọ̀ ń sá ní wákàtí kan nìyẹn, níbi tí táyà tó ti pá lè ti léfòó nínú omi tó jìn. Fún 26, ó jẹ́ bíi 85. Fún Camry tó ń gbé 32, bíi 94. Bí 26 yín bá wá jò di 16 láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, 67 péré ni. Táyà tó lójú dáadáa máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ bí omi ò bá jìn, ẹ má fi nọ́ńbà yìí ta tẹ́tẹ́.

Ẹ ó ní ṣé ká wá fi 40 sí i nìyẹn? Rárá o. Táyà tó yó jù, àárín rẹ̀ nìkan ló ń tẹlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì á ká kúrò. Bí ẹ bá dé kọ́nà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó wà lára ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ fi sí i, láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn rárá. Ẹ ra géèjì tiyín. Géèjì àwa fọ́gánáísà a máa purọ́. Tèmi náà ti purọ́ rí, oníbàárà ló já a.

Ojú táyà ló kàn. Táyà tuntun, kòtò ojú rẹ̀ máa ń jìn tó nǹkan bíi 8 mm. Lójú òfin ilẹ̀ Yúróòpù, kò gbọdọ̀ dín sí 1.6 mm. Ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, kí ẹ tì í bọ inú kòtò táyà títí á fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ fi èékánná di ibi tó bá ojú táyà dọ́gba mú, kí ẹ wá gbé e lé rúlà àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn òkìtì kéékèèké kan wà nínú kòtò yẹn; ẹ má gbé ìgbálẹ̀ lé wọn lórí, wọ́n á tàn yín jẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n níta, láàárín, àti nínú lọ́hùn-ún. Ti ọmọ yìí jẹ́ 5 níta, inú sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá, torí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ dà sínú díẹ̀. Ẹni tó bá dúró lókèèrè ò lè rí i. Lórí ọkọ̀ fífúyẹ́, bó bá ti di 3 mm, èmi ò ní jẹ́ kó bá òjò pàdé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun á fi irin gbígbóná gé ojú tuntun sí i fún yín, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Ọmọ náà tún ti yọ táyà 195 tó bá ọkọ̀ wá (bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mm nìyẹn), ó fi 225 sí i. Ó ní ó ń di ilẹ̀ mú. Lóòótọ́ ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbé abọ́ pẹrẹsẹ lé omi inú ọpọ́n, kí ẹ gbé ọ̀bẹ náà lé omi yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wo èyí tó máa kọ́kọ́ rì. Táyà tó fẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí kò wúwo, abọ́ pẹrẹsẹ ni.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Rọ́bà tó ti gbó máa ń le, tòkunbọ̀ tó lójú rekete náà lè ti le bí ìgbá. Bí ẹ bá sì ra méjì péré, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí. Iwájú tó bá léfòó, ọkọ̀ á máa lọ tààrà; ẹ̀yìn tó bá léfòó, ọkọ̀ á pòyì.

Kó tó rówó ra òmíràn, ó ní kí n bá òun jókòó dé Ifẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni. A kọjá Òṣú, òjò dé. Tírélà ti tẹ ojú títì yẹn di poro méjì, omi ti kún inú rẹ̀, ó sì gbé táyà sínú poro. Ariwo omi tó ń lu abẹ́ ọkọ̀ dákẹ́ lójijì. Ẹ́ńjìnnì ké sókè bí ẹni pé jíà ti já. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ sọ́nà bíréèkì.

"Má tẹ̀ ẹ́!"

Ohun tó ṣe ni kí ẹ̀yin náà ṣe. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kò fà á yọ lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ́ńjìnnì má bàa fa táyà ẹ̀yìn dúró. Ó di sítíárìn mú síbi tí a dojú kọ. Ẹni tó bá yí sítíárìn nígbà tí táyà ò kan ilẹ̀, ọjọ́ tí táyà bá padà kan ilẹ̀ ni ọkọ̀ á fò sí ẹ̀gbẹ́ tó yí i sí. Ìdí ọkọ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó gbálẹ̀ mú. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ títí a fi wọ Ifẹ̀.

Omi inú poro, òṣómàáló ni, kì í kúrò níbi tó bá lóṣòó sí. Ẹ fi táyà gun orí èbè tó wà láàárín poro, bí àyè bá wà. Bí ọkọ̀ kan bá ń lọ níwájú, ẹ jìnnà sí i, àmọ́ ẹ tẹ ojú ipa rẹ̀, ó ti bá yín ti omi. Ẹ máa wo dígí ẹ̀yìn: bí ipa táyà yín bá hàn gbangba lórí omi, ẹ ṣì ń tẹlẹ̀; bí ẹ ò bá rí i mọ́, ẹ dín eré kù. Òjò àkọ́rọ̀ ní tiẹ̀, bí kò tilẹ̀ pọ̀, òun àti epo àti eruku ló jọ ń yọ̀, ẹ máa rọra fún ìwọ̀n ìdajì wákàtí.

195 ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà báyìí, 26 sì ni mò ń fi sí i.