Bí A Ṣe Lè Ka Ìwádìí Lórí Ìnira Sẹ́ẹ̀lì àti Ìtànkálẹ̀ Jẹjẹrẹ

Kí ẹ tó gba ìròyìn gbọ́ pé ohun kan ló ń mú kí jẹjẹrẹ tàn kálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo irú ìnira tí àwọn olùwádìí fi kan sẹ́ẹ̀lì, nítorí pé ìdáhùn sẹ́ẹ̀lì sí ooru yàtọ̀ sí ìdáhùn rẹ̀ sí àìtó ọ́síjìn.

Àìtó ọ́síjìn ni kí á fi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí kókó jẹjẹrẹ bá dàgbà ju ohun tí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè bọ́ lọ, ọ́síjìn kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú lọ́hùn-ún mọ́. Bí ọ́síjìn bá tó, pírótíìnì VHL a máa sàmì sí HIF, ìyẹn pírótíìnì mìíràn tó ń ta àwọn jíìnì jí, kí sẹ́ẹ̀lì lè fọ́ ọ dànù. Bí kò bá tó, HIF yóò dúró, yóò sì ta àwọn jíìnì tó ń fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun àti àwọn tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì lè ṣí kúrò níbi tó wà jí. (Àwárí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ ìwọ̀n ọ́síjìn yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kaelin, Ratcliffe àti Semenza fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019.)

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá inú àwo tí wọ́n fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ní ilé ìwádìí, lára eku tàbí lára ènìyàn ni wọ́n ti dán an wò. Ti inú àwo nìkan kì í tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ọ́síjìn ibẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ti inú ẹran ara lọ fíìfíì.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n dí ìdáhùn sẹ́ẹ̀lì sí ìnira náà lọ́wọ́, tí ìtànkálẹ̀ sì dínkù. Bí wọ́n bá kàn rí HIF púpọ̀ níbi tí jẹjẹrẹ ti tàn, ìyẹn kò tíì fi ohun tó fà á hàn.